Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún túúlu: ohun tí mo gbà fún ₦240,000

Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan wà ní Ìbàdàn, tí n kò ní dárúkọ, tó ń ta àkójọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan fún àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń dà láàmú. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, wọ́n ní àyẹ̀wò náà yóò fi hàn bóyá túúlu ni ẹ̀fọ́rí ènìyàn ní tòótọ́, yóò sọ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì glia inú ọpọlọ, ìyẹn àwọn tó yí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára ká, ṣe ń ṣe sí, yóò sì tọ́ka sí oògùn tó bá ara ẹni mu. ₦240,000 ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, ọjọ́ 21 sì ni èsì fi ń jáde. Mo san owó náà ní oṣù méjì sẹ́yìn, èsì mi ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti jókòó tì í pẹ́ tó láti sọ èrò mi. Ìdá kékeré kan nínú àyẹ̀wò náà wúlò, ilé ìwòsàn ìjọba sì lè ṣe ìdá kékeré náà fún ènìyàn ní owó tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyókù rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ tó dára, tó sì jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n já lórí igi kí ó tó pọ́n.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí túúlu ti ń ṣe mí. Apá ọ̀tún ló máa ń fọ́, láti ẹ̀yìn ojú lọ dé ìpàkọ́, tí yóò máa lù kì, kì, kì bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. Kí ó tó dé, ìmọ́lẹ̀ wíwọ́ kan á máa kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Tó bá wá dé tán, n kò ní lè fojú kan oòrùn, òórùn epo pupa tó ń gbóná lórí iná sì ti tó láti mú mi bì. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta wà ní ẹ̀bátí mi ọ̀tún títí di òní, ìyá bàbá mi ló sín in fún mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17. Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà kan ní ibà ni, òmíràn ní kí n lọ yẹ ojú wò, ẹni kẹta ní àníyàn ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdí tí ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ ilé àyẹ̀wò, tó sì lè sọ pé túúlu ni, fi wọ̀ mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo dé ibẹ̀, láìjẹun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. N kò lè bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe gbà mí lálejò: ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àga rẹ̀ rọ̀, akọ̀wé tó wà níwájú sì dìde kí mi kí ó tó nawọ́ fọ́ọ̀mù sí mi. Ojú ewé méjì ni fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí mi, nọ́ńbà fóònù mi, ìwọ̀n ara mi àti ẹni tó júwe wọn fún mi, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí wọ́n ti béèrè bóyá orí ń fọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìgbà tó fọ́ mi kẹ́yìn, tàbí oògùn tí mo ti lò láàárín ọ̀sẹ̀. Mo kíyè sí i, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé dókítà ni yóò béèrè.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi fúyẹ́ gan-an. "Ẹ di ìkúùkù mà," ó rí iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kún, ọ̀kan onídèérí pupa, ọ̀kan òféèfèé, méjì tó jẹ́ elésè àlùkò, ó sì tò wọ́n sínú agbeko kékeré kan lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ó ti ṣe èyí tán ni iná lọ, ẹnì kan sì sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Aago ara ògiri ń sọ 8:05. Wọ́n ní kí n jókòó díẹ̀ kí n tẹ òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́, mo sì jókòó títí di 8:50 nítorí pé òjijì dúdú díẹ̀ ń kọjá lójú mi, ebi sì ni. Ní gbogbo àkókò náà, ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú kan, kò sí yìnyín lábẹ́ wọn, oòrùn sì ti ń rá bọ̀ dé ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò yẹ kí ìwọ̀nyí ti wà nínú fíríìjì?" Ó dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ẹ má ṣèyọnu mà, ẹni tó ń gbé e lọ ti ń bọ̀."

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìgò tó dúró ní ìṣẹ́jú 45 tó ohun tí a ń fi ojú ewé kún, bí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n nínú rẹ̀. Èròjà àkọ́kọ́ nínú àkójọ náà ni CGRP, purotéènì kékeré tí ásíìdì àmínò 37 para pọ̀ di, tí àwọn iṣan ìmọ̀lára máa ń tú jáde, tó sì máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Nínú ara, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ tí ìlàjì rẹ̀ yóò fi pòórá. Nínú ìgò náà, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi CGRP ṣe ìwádìí fi máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tútù tó ti ní oògùn tó ń dá ẹ́ńsáìmù dúró, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kíákíá, tí wọ́n á sì gbé omi ẹ̀jẹ̀ náà sínú fírísà tó tutù gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ tó ti yáàrùn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní Ìbàdàn kò lè ní CGRP tó ní nígbà tó kúrò lára mi, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ tó wọ̀n ọ́n dára tó.

Ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìṣòro tó tóbi jù ṣì wà nílẹ̀. Ní 1990, Peter Goadsby, Lars Edvinsson àti Rolf Ekman gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí túúlu ń ṣe lọ́wọ́, láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti láti apá. CGRP ti lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ ọrùn, èyí tó ń bọ̀ láti orí. Nínú ẹ̀jẹ̀ apá, wọn kò rí irú ìgasókè bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà ló ṣí ọ̀nà tó já sí erenumab, oògùn tó ń dí ọ̀nà mọ́ CGRP, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2018, ó sì wà lára ohun tó mú kí Goadsby àti Edvinsson wà nínú àwọn mẹ́rin tó pín ẹ̀bùn Brain Prize ti 2021. Ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn oníwádìí ní Denmark tún un ṣe, wọ́n mú ẹnì kan náà nígbà tí orí ń fọ́ ọ àti nígbà tí kò fọ́ ọ, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan, kódà nínú ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Ní 2013, àwọn oníwádìí ní Spain ní àwọn rí ìgasókè CGRP nínú ẹ̀jẹ̀ apá àwọn obìnrin tí orí ń fọ́ ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù. Àwọn mìíràn wá a lẹ́yìn wọn, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Pé oògùn tó dí ọ̀nà mọ́ CGRP ń wo ènìyàn sàn jẹ́ ẹ̀rí pé CGRP lọ́wọ́ sí àìsàn náà. Kò jẹ́ ẹ̀rí pé iye rẹ̀ nínú apá lè sọ ẹni tó ní túúlu yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní, pàápàá nígbà tí ìfun, ọkàn àti awọ ara náà ní iṣan tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ kan náà.

Ojú ewé kẹta èsì náà ló bí mi nínú jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni mo ti fi ìháragàgà retí nǹkan. Wọ́n fún un ní àkọlé nípa ìlera sẹ́ẹ̀lì glia, wọ́n wọn S100B àti GFAP, purotéènì méjì tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì glia, wọ́n wá fa ọfà pupa sí ẹ̀gbẹ́ S100B nítorí pé ó fi díẹ̀ ré kọjá ààlà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí, pé sẹ́ẹ̀lì glia mi ti gbaná jẹ, àti pé kí n máa lo kápúsù kan tí wọ́n ń tà ní ìsàlẹ̀ ilé náà fún oṣù mẹ́ta, ₦38,000 lóṣù.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí jẹ́, nítorí pé wọn kì í ṣe ìtàn tí ilé àyẹ̀wò yìí hun. Rudolf Virchow ní Jámánì ló fún wọn lórúkọ ní ọdún 1850 ó lé díẹ̀, tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ohun tó ń lẹ nǹkan pọ̀, bí àtè, nítorí ó rò pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n di àwọn níúróònù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ àti iṣan, mú sójú kan. Ìran olùkọ́ bíi tèmi ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, èmi náà wà nínú wọn. Lóde òní a mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fèsì. Nínú kókó iṣan trigeminal, èyí tó ń gbé ìrora ojú àti orí lọ sínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì glia kan wà tó máa ń yí níúróònù kọ̀ọ̀kan ká pátápátá bí ọ̀já ṣe ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Nínú eku àti nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo, bí níúróònù bá tú CGRP sílẹ̀, àwọn glia tó yí i ká á gbà á, àwọn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nitric oxide àti àwọn èròjà tó ń fa ìgbóná-wíwú jáde, èyí tí yóò tún ta níúróònù náà jí sí i. Báyìí ni ohun tó bẹ̀rẹ̀ lójú kan ṣe ń di ariwo àdúgbò. Kókó iṣan yìí sì wà ní ìta odi tó dáàbò bo ọpọlọ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún oògùn tí móléku rẹ̀ tóbi bí erenumab láti dé ibẹ̀.

Inú ọpọlọ gan-an, glia tí wọ́n ń pè ní astrocyte ló dà bí agbálẹ̀ ọjà: lẹ́yìn tí àwọn níúróònù bá ti ná ọjà wọn tán, òun ló ń gbá èròjà potassium àti glutamate tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ kúrò. Bí kò bá gbá a tó, ìjì iná mànàmáná kan lè gbéra nínú èèpo ọpọlọ, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, kí ìparọ́rọ́ sì tẹ̀ lé e. Aristides Leão, ọmọ Brazil tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1944, láti inú ọpọlọ ehoro. Ìmọ́lẹ̀ wíwọ́ tó ń rìn lójú mi fún ogún ìṣẹ́jú, ìrìn ìjì náà ni. Àwọn ìdílé kan wà tí túúlu tiwọn máa ń mú ẹ̀gbẹ́ ara kan rọ, ní 2003 ni wọ́n sì rí i pé lára àwọn kan nínú wọn, jíìnì ATP1A2 ló bàjẹ́, èyí tó jẹ́ pé lára àgbàlagbà, inú astrocyte ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Àpẹẹrẹ wo ló tún lè ṣe kedere ju ìyẹn lọ pé glia lè dá túúlu sílẹ̀? Ní 2019, ilé ìwòsàn Massachusetts General fi PET, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, hàn pé àmì tó ń bá glia tó ti ta jí rìn pọ̀ sí i nínú ọpọlọ àwọn tó ń rí ìmọ́lẹ̀ bíi tèmi. Ní 2024, àwọn tó ń bá onímọ̀ ọpọlọ Maiken Nedergaard ṣiṣẹ́ fi hàn nínú eku pé lẹ́yìn ìjì yìí, omi inú ọpọlọ máa ń ṣàn lọ bá kókó iṣan trigeminal, tí yóò sì gbé CGRP àti àwọn èròjà mìíràn dání.

Mo ka gbogbo ìyẹn pẹ̀lú ayọ̀, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n inú àwo, inú eku, inú jíìnì àti lójú ẹ̀rọ àwòrán tí owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ ni wọ́n ti rí i. Wọn kò rí i nínú ìgò onídèérí pupa. S100B tí wọ́n fa ọfà sí wà nínú astrocyte lóòótọ́, ó sì tún wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àti nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ara ní àwọ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí kì í ṣe ẹni tínrín, bẹ́ẹ̀ wọ́n gba ìwọ̀n ara mi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọn kò sì lò ó. GFAP ti ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe nínú ìwòsàn: ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú purotéènì mìíràn, UCH-L1, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi orí gbá, láti mọ̀ bóyá ó nílò àwòrán orí. Ìbéèrè yàtọ̀ nìyẹn. Kò sí ìlànà ìwòsàn kankan tó ní kí a fi èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì dá túúlu mọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ dán an wò lára mi, ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí orí ń fọ́ mi àti nígbà tí ara mi dá, kí n jẹ́ òṣùwọ̀n ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà á, ní àárọ̀ tí orí kò fọ́ mi.

Ohun tó dára nínú iṣẹ́ wọn, n kò ní fi pamọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni PCV, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, wà, ó jẹ́ 29, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ mi kéré, mo sì ti ń lo oògùn fún un láti ìgbà náà. ESR àti CRP mi, àyẹ̀wò méjì tó ń fi ìgbóná-wíwú inú ara hàn, kò ní àbùkù. Lẹ́yìn náà ni dókítà ọ̀dọ́ kan pè mí lórí fóònù, tí ìpè rẹ̀ wà nínú owó tí mo san, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 bá mi sọ̀rọ̀. Ìpè náà ni mo lè sọ pé ó tó owó. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ló máa ń fọ́, àbí ó máa ń yí? Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn nígbà tó ń fọ́, ṣé ó máa ń le sí i? Wákàtí mélòó ló máa ń gbé?" Ó ń tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé fún dídá ẹ̀fọ́rí mọ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2018 ni, èyí tó béèrè pé kó ti ṣẹlẹ̀ nígbà márùn-ún ó kéré tán, kí ó máa gbé láti wákàtí 4 sí 72 bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú irú ìrora àti ìríra ìmọ́lẹ̀ tí mo ti kà sílẹ̀ lókè. Nígbà tó béèrè iye ọjọ́ tí mo ń lo oògùn ìrora lóṣù, mo kà á, ó lé ní 15. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Láti ogún ọdún, kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Mo bi í pé èwo nínú èsì ẹ̀jẹ̀ mi ló fi mọ̀ pé túúlu ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ká sọ òótọ́ mà, kò sí nínú rẹ̀. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ilé àyẹ̀wò tó wà ní Ìbàdàn mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti ilé ìwé ìṣègùn ìlú yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti lọ sí Ìgbò-Ọrà, tí wọ́n wọ ilé dé ilé, tí wọ́n bi nǹkan bí 19,000 ènìyàn ní ìbéèrè nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan, tí wọ́n sì ròyìn pé túúlu ń ṣe ènìyàn márùn-ún ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Ìbéèrè tí a tò dáadáa ni wọ́n fi wá túúlu rí.

Fún ẹni tó bá ń ronú láti lọ, ohun tí mo lè sọ nìyí. Bí ẹ̀fọ́rí yín bá jẹ́ ti àtijọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ bákan náà, ẹ má san owó yìí. Ẹ wá dókítà tó ní sùúrù. Bí ẹ bá ti lé ní ẹni 50 ọdún, tí ẹ̀fọ́rí tuntun wá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀bátí, tí ó ń dùn yín láti ya irun tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro yín nígbà tí ẹ bá ń jẹun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí ó di ọ̀la, nítorí àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè gba ojú lọ́wọ́ ènìyàn. ESR àti CRP ni ẹ ó béèrè fún, ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí sì ní in. Ẹ̀fọ́rí tó bá dé lójijì bí àrá, tàbí tó bá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rírọ dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì ní kí wọ́n dá owó CGRP àti ti glia padà fún mi. Wọ́n dá ₦60,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ dáadáa, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò fi ìbéèrè nípa ọjọ́ tí orí fọ́ ènìyàn kẹ́yìn kún fọ́ọ̀mù wọn. Mo yà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti bá àbúrò mi gba èsì ibà. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni akọ̀wé ṣì ń pín, wọ́n sì ti gbé tábìlì náà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.